Ìyá mi ṣiṣẹ́ abẹ katarátì, ojú tó ti mọ́ tún ti ń ṣú lọ́sẹ̀ karùn-ún

Àbẹ̀kẹ́_Tákíé (ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn.

Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ṣiṣẹ́ abẹ katarátì, funfun tó ń bo lẹ́ńsì inú ojú, sí ojú ọ̀tún ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Ojú náà ti funfun tẹ́lẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tó dúró níwájú wọn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tú bándéèjì, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n wò ó títí, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ṣé bí awọ ọwọ́ mi ṣe hunjọ tó nìyí?" Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá báyìí tí wọ́n ti ń ráhùn pé ó tún ń ṣú. Kò dùn wọ́n, kò pọ́n, kò ṣepin. Àmọ́ wọ́n ní tí àwọn bá wo òpó iná iwájú ilé wa, àárín rẹ̀ máa ń tẹ̀ wọnú. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn fúnra wọn ló ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, wọn ò rí òkúta náà mọ́.

Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Àwọn ará ilé ń sọ pé katarátì ti padà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan, wọ́n ta oògùn ẹ̀kán mìíràn fún mi, mo ti ń kán an fún wọn láti ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ní ká padà wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ojú òsì ṣì wà láti ṣe, ìyá mi sì ti búra pé àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣé ká dúró de ọjọ́ náà ni?

Ọmọ_Akẹ̀sán (8:51 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀. Katarátì kì í padà, torí wọ́n ti yọ lẹ́ńsì tó dọ̀tí náà kúrò, ike kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun kan náà ló ṣe bàbá mi níbí l'Ọ̀yọ́. Ojú wọn mọ́ kedere, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú bíi gíláàsì tí èémí fẹ́ sí. Dókítà ní àpò tín-ínrín tí wọ́n gbé lẹ́ńsì tuntun náà sí ló ti nípọn. Wọ́n fi iná lésà dá ihò sí àárín àpò náà, kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò fi abẹ kàn wọ́n, wọn ò sì lẹ nǹkan kan mọ́ ojú náà. Lọ́jọ́ kejì bàbá ń ka Bíbélì. Ó dá mi lójú pé ohun tó ń ṣe ìyá nìyẹn. Ẹ dúró de ọjọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì_Ojú (9:32 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Ilé ìtọ́jú ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá.

Ọmọ Akẹ̀sán, báwo ló ṣe pẹ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bàbá yín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú?

Ọmọ_Akẹ̀sán (9:36 àárọ̀)

Ó tó ọdún méjì, ìyá.

Nọ́ọ̀sì_Ojú (9:58 àárọ̀)

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ lẹ sọ nípa bàbá yín, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa pàápàá. Ṣùgbọ́n àpò yẹn kì í sábà nípọn láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú ojú àgbàlagbà. Oṣù púpọ̀ tàbí ọdún ló máa ń gbà. Tí ojú bá ń ṣú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ katarátì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń béèrè, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin yàtọ̀ sí ti oṣù kejì, ti oṣù kejì náà sì yàtọ̀ sí ti ọdún kejì.

Àbẹ̀kẹ́, ohun méjì nínú ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára. Èkíní ni òpó iná tó ń tẹ̀. Lẹ́ńsì inú ojú tàbí àpò rẹ̀ tó dọ̀tí máa ń sọ nǹkan di bàìbàì, kì í tẹ̀ ẹ́. Tí ohun tó gún bá ń tẹ̀ lójú èèyàn, ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún, níbi awọ tó ń gba àwòrán, ni a máa ń wò. Gbùngbùn awọ náà lè wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkejìlá ló sì máa ń hàn jù. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló máa ń ṣe jù. Ó ṣeé tọ́jú, oògùn ẹ̀kán náà ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ kò dáa kó pẹ́.

Ìkejì ni oògùn kẹ́míìsì yẹn. Kí ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀?

Ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́la ni kẹ́ ẹ lọ.

Bàbá_Ìjẹ̀rù (10:20 àárọ̀)

Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. Èmi náà ti ṣe méjèèjì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú mi ń ṣe bàìbàì títí wọ́n fi wọn gíláàsì tuntun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ojú ọgbẹ́ máa ń fà kó tó jinná, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wọn gíláàsì kíákíá. Gíláàsì ni ìyá nílò.

Nọ́ọ̀sì_Ojú (10:41 àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yín bá mu, àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn: ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ abẹ òun ò dáa, bẹ́ẹ̀ gíláàsì lásán ló kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó nílò gíláàsì, àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń ṣe é. Ìyá yìí ti ríran débi pé wọ́n ń ṣa òkúta ẹ̀wà, kó tó wá burú sí i.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré kan sára páálí. Ẹ bo ojú òsì ìyá, kí wọ́n gba inú ihò yẹn wo nǹkan tó jìnnà díẹ̀, kàlẹ́ńdà ara ògiri fún àpẹẹrẹ. Tó bá mọ́ sí i, ọ̀rọ̀ gíláàsì pọ̀ nínú rẹ̀. Tí kò bá mọ́, tàbí tó tún burú sí i, nǹkan mìíràn ni. Kò lè rọ́pò dókítà o.

Àbẹ̀kẹ́_Tákíé (11:25 àárọ̀)

A ti ṣe é. Kàlẹ́ńdà náà kò mọ́ rárá, wọ́n ní ó tilẹ̀ ṣókùnkùn sí i. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà ni dexamethasone, pẹ̀lú neomycin. Ti ilé ìwòsàn ṣì wà níbẹ̀, prednisolone ni wọ́n kọ sí i, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló kù.

Nọ́ọ̀sì_Ojú (11:40 àárọ̀)

Ẹ káre láé. Ọ̀kan náà ni iṣẹ́ dexamethasone àti prednisolone yẹn, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ti kẹ́míìsì wá gbé e padà sókè. Sítẹ́rọ́ìdì dáa fún ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ, òun la sì sábà máa ń lò. Àmọ́ nínú ojú àwọn kan, ó máa ń mú kí ìfúnpá inú ojú gòkè. Kì í dùn èèyàn, kì í pọ́n, títí yóò fi ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí àtúnṣe. Ẹ yé kán ti kẹ́míìsì. Ẹ má dá ti ilé ìwòsàn dúró fúnra yín. Ẹ kó ìgò méjèèjì lọ́wọ́ lọ́la.

Nǹkan kan tún nìyí: prednisolone máa ń silẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò bí ẹ̀kọ tó silẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá mì í dáadáa kẹ́ ẹ tó kán an, omi lásán lẹ ń kán. Mo máa ń rí ìyẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_ÒkèÀdó (1:17 ọ̀sán)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí àwọn tó máa ka ibí yìí lọ́jọ́ iwájú, torí ti ìyá Àbẹ̀kẹ́ yàtọ̀.

Ọkọ mi ṣe tiwọn lọ́jọ́ Iṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ojú mọ́, inú wa dùn. Lóru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Sátidé, wọ́n jí mi, wọ́n ní ojú ń ro àwọn bí ẹni tí ata bọ́ sí i lójú, pé ó ń fà dé etí. Mo fún wọn ní parasitamọ́. Ilẹ̀ mọ́, ojú ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìpéǹpéjú wú. Mo ní ká lọ, wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni, wọn ò ní bá dókítà, pé ojú ọgbẹ́ ni, ó máa jinná. Ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká fi omi àdúrà fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà. Níbi dúdú ẹyinjú, nǹkan funfun kan ti jókòó sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń jókòó sísàlẹ̀ abọ́ tí omi á dá lókè. Ìgbà yẹn ni mo ké. Dókítà gún abẹ́rẹ́ oògùn sínú ojú náà gan-an, kì í ṣe sí apá. Wọ́n gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyinjú náà kò jẹrà, àmọ́ iná nìkan ni wọ́n ń rí pẹ̀lú rẹ̀ báyìí, bóyá a tàn án tàbí a pa á. Dókítà wò mí, ó ní, "Ìyá, tó bá jẹ́ pé òru Ẹtì yẹn lẹ ti dé ni." Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìrora tó ń le sí i dípò kó máa rọ̀, ojú tó ń pọ́n sí i, ìríran tó ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì: ẹ má wo ọjọ́, ẹ má wo aago. Yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá kì í tì.

Nọ́ọ̀sì_Ojú (1:49 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi dá ara yín lẹ́bi, kò sẹ́ni tó kọ́ yín ṣáájú, àwa ló yẹ ká ti sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Irú kòkòrò tó ń wọnú ojú bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ayodíìnì tí wọ́n ń kán sójú kí wọ́n tó dá abẹ lé e wà fún ìdí yẹn. Ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2007, tún fi hàn pé tí wọ́n bá fi cefuroxime, oògùn apakòkòrò, sínú ojú níparí iṣẹ́ abẹ, ewu náà dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, wákàtí ni a fi ń kà á.

Àgbẹ̀_Ajáàwà (3:05 ọ̀sán)

Gbogbo wàhálà yìí ni kò jẹ́ kí bàbá bàbá mi lọ ilé ìwòsàn. Ọkùnrin kan tó ń ti ìlú dé ìlú ló ṣe ojú wọn, kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ka iye ìka ọwọ́. Kò sí bándéèjì, kò sí oògùn olóṣù kan.

Olùkọ́_UnderG (3:40 ọ̀sán)

Arákùnrin, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú bàbá ṣe rí lọ́dún kejì?

Àgbẹ̀_Ajáàwà (3:52 ọ̀sán)

Wọ́n fọ́jú kí wọ́n tó kú. A gbà pé ọjọ́ ogbó ni.

Olùkọ́_UnderG (4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò béèrè láti fi dójú tì yín. Àwọn yẹn kì í yọ lẹ́ńsì funfun náà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í ṣubú sínú ojú lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ á ráyè wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹni náà fi máa ń ka ìka lójú ẹsẹ̀. Lẹ́ńsì náà ṣì wà nínú ojú o, ó ń fa wíwú, ó ń fa ìfúnpá, ohun tí wọ́n fi gún un náà kò sì mọ́. Nínú àyẹ̀wò ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, lára àwọn ẹni 40 ọdún sókè, ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí katarátì tó jẹ́ pé irú títì yìí ni wọ́n ṣe sí i. Nǹkan tó ń dùn mí jù ni pé lẹ́yìn ọdún kan tí ojú náà bá kú, ẹni tó ṣe é ti kúrò nílùú. Kò sí ẹni tí wọ́n máa padà lọ bá.

Alhaja_Sábó (5:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní omi ò gbọdọ̀ kan ojú, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́? Ìforíkanlẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Ojú (5:50 ìrọ̀lẹ́)

Alhaja, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìrun lọ́wọ́ àlùfáà yín, àmọ́ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa máa ń jókòó kírun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìkejì, tí wọ́n bá sì fẹ́ fọ ojú, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni wọ́n fi ń nu ìyókù ojú láì dé ẹyinjú tí wọ́n ṣe. Ọjọ́ tí dókítà yín bá dá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí bí ojú ọgbẹ́ ṣe tóbi tó kò dọ́gba. Ẹ má gúnyán, ẹ má gbé omi, ẹ jìnnà sí èéfín àdógán. Ike tí wọ́n fún yín, ẹ máa fi bo ojú lóru, ọwọ́ tó ń sùn kò mọ ohun tó ń rìn. Tí oògùn bá jẹ́ oríṣi méjì, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú márùn-ún wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkejì á fọ èkíní dànù. Ìgò tó ti ṣí tó oṣù kan, ẹ sọ ọ́ nù.

Adé_Owódé (8:03 alẹ́, láti Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá àgbà mi lọ síbi iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ náà lọ geere, kò sí kòkòrò, kò sí wíwú, ojú náà kò ríran sí i. A bínú, a ní wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wa torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí dókítà mìíràn wo ẹ̀yìn ojú ló ní glaukómà, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, ti pa iṣan ojú náà láti ọjọ́ pípẹ́. Katarátì funfun ló bò ó, kò sẹ́ni tó rí i ṣáájú. Ó ní nígbà míì, ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ títa, ìgbà tí wọ́n bá ká aṣọ ni wọ́n ń rí i.

Nítorí náà mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ti ọ̀fẹ́ kò dáa. Ọ̀pọ̀ ló ríran níbẹ̀, mo rí wọn. Ohun tó ká mi lára ni pé lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ọkọ̀ wọn ti lọ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀: ta ló máa wò mí lọ́sẹ̀ kìíní, ta ló máa wò mí lóṣù kan, níbo?

Ọmọ_Akẹ̀sán (8:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ má tẹ̀ lé èyí tí mo sọ láàárọ̀ pé kẹ́ ẹ dúró. Ẹ lọ lọ́la. Mo fi ti bàbá mi wọn ti ìyá yín.

Àbẹ̀kẹ́_Tákíé (ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, 7:40 alẹ́)

A lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Wọ́n ní kí ìyá ka lẹ́tà, wọ́n wọn ìfúnpá ojú: 27, wọ́n ní kò yẹ kó ju 21 lọ. Dókítà gbé ìgò kẹ́míìsì náà sókè, ó wò ó, ó ní ká fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun. Lẹ́yìn náà wọ́n kán oògùn tó ń la ojú sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹ̀yìn ojú. Ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà: ibi tó yẹ kó tẹ́jú, tó ní kòtò kékeré láàárín, ti yọ sókè bíi kànìnkànìn tó mu omi. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ gẹ́lẹ́ ni. Ṣúgà ìyá láìjẹun, 214. Wọ́n ti ń fi oògùn ṣúgà sílẹ̀ láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ torí wọ́n rò pé yóò bá oògùn ojú jà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀kán mìíràn tí kì í ṣe sítẹ́rọ́ìdì, àti èyí tó ń fa ìfúnpá wálẹ̀. A ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá_Ìbejì_ÒkèÀdó (7:55 alẹ́)

Ọlọ́run ṣeun tẹ́ ẹ tètè lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Tákíé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọjọ́ Sátidé, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ní kí n padà wá sọ ibi tó dé. Ìfúnpá ti wálẹ̀ sí 16. Wíwú náà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, ó ku díẹ̀ láàárín, wọ́n ti wọn gíláàsì fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ìyá pè mí síta, wọ́n tọ́ka sí òpó iná, wọ́n ní, "Ó ti nàró." Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Wọ́n ti gbà láti ṣe ojú òsì. Dókítà ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà wíwú kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, torí àtọ̀gbẹ náà, tí ṣúgà bá sì lọ sókè, àwọn ò ní ṣe é lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ojú (6:44 ìrọ̀lẹ́)

Inú mi dùn gan-an. Èló ni ṣúgà láàárọ̀ yìí?

Àbẹ̀kẹ́_Tákíé (6:46 ìrọ̀lẹ́)

118. Àwọn fúnra wọn ló ka nọ́ńbà náà lójú ẹ̀rọ.